Ìtàn Tí Ẹnikẹ́ni Ò Ní Kú Nínú Rẹ̀

Ọjọ́ Àìkú, 4 oṣù Kẹjọ

Òjò ti ń rọ̀ láti ọjọ́ Ẹtì, kò sì jọ pé ó ní ibi tó ń lọ. Omi ti dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn wa. Màmá ní mi ò gbọdọ̀ jáde, bíi pé mo ní ibì kan tí mò ń lọ lọ́jọ́ Àìkú ju orí fóònù lọ.

Àwa Yàrá Òkè, ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé wa orí fóònù, ṣe ìpàdé nípa ìwé tá a fẹ́ gbé jáde fún Puja, ọdún ńlá ìlú wa. Bí àwọn ìwé ìròyìn ńlá ṣe ń gbé tiwọn jáde kí ọdún tó wọlé, tiwa náà gbọ́dọ̀ wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ Mahalaya tó máa ń ṣíwájú ọdún, ọjọ́ kejì oṣù Kẹwàá, ìtàn ìfẹ́ láàárín ọkùnrin àti ọkùnrin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀gbọ́n Nirmal, tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ó ní àwọn dókítà máa la àyà òun lọ́jọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹsàn-án láti tún ọkàn òun ṣe. Gbogbo wa dákẹ́.

"Ẹ má dákẹ́ bíi pé mo ti lọ," ló wí. "Mo jókòó ka iye ìtàn tá a ti gbé jáde. Mọ́kànléláàádọ́rin ni. Nínú ogójì, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì kú. Nínú ogún, ọ̀kan lọ fẹ́ ìyàwó. Àwọn tó kù wọ bàálù lọ sí Kánádà. Kí wọ́n tó gbé mi wọlé, mo fẹ́ gbọ́ ẹyọ kan péré tí wọ́n ti jọ darúgbó, tẹ́nikẹ́ni ò kú. Ta ló máa kọ ọ́ fún mi?"

Ẹnu mi yá jù mí lọ. "Èmi ni." Èmi Shalik, tí mo ti ń bá gbogbo wọn tún ìtàn ṣe fún ọdún mẹ́fà, tí mi ò sì tíì parí ẹyọ kan tèmi rí. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun nìyẹn, kí n máa wá àṣìṣe nínú ìwé ilé-ìwé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Àṣìṣe ẹlòmíì ò lè pamọ́ fún mi. Ìtàn tèmi ni mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń parí.

Ọjọ́ Ẹtì, 9 oṣù Kẹjọ

A ti ṣẹ́ kèké. Kadam ni òǹkàwé àkọ́kọ́ mi. Bí òfin wa ṣe rí, ó máa ka ìtàn mi kó tó dé iwájú ẹlòmíì, ó máa kọ èrò rẹ̀ sí etí ìwé, ìtàn náà ò sì gbọdọ̀ jáde títí tó fi máa kọ "Ó ti jinná" sí ìsàlẹ̀. Mo ti mọ ohùn Kadam láti ọdún mẹ́ta, mo mọ̀ pé ó máa ń fi ẹ̀rín bo ọ̀rọ̀ tó bá dùn ún. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Ní Yàrá Òkè, kò sẹ́ni tó ń bi ẹnì kejì ní orúkọ ilé tàbí ibi iṣẹ́. Orúkọ òdòdó, bíi Kadam, àti orúkọ ẹyẹ, bíi Shalik tèmi, là ń jẹ́.

Mo kọ ojú ìwé mọ́kànlá. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin méjì inú rẹ̀ ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní èbúté, ìkejì ń tún ìlù àti dùrù ṣe. Ó ń dùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13 oṣù Kẹjọ

Mo ti pa á. Ọkọ̀ ojú omi ló dojú dé.

Ọjọ́rú, 14 oṣù Kẹjọ

Ohun tí Kadam kọ sí etí ìwé: "Shalik, kí lọmọ ọlọ́mọ ṣe fún ẹ? Ó ta tíkẹ́ẹ̀tì fún ogún ojú ìwé láì ṣẹ ẹnikẹ́ni, o wá tì í sódò."

Mo dá a lóhùn pé ọkọ̀ ló dojú dé, èmi kọ́.

"Ta ló kọ ọkọ̀?"



Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 oṣù Kẹjọ

Mo fà á yọ nínú odò, mo sì tún fi ibà pa á. Ọwọ́ mi ló ń ṣe é o, mi ò pinnu rẹ̀. Bí mo bá ti mú wọn dé ogójì ọdún, ojú mi á ṣókùnkùn, mi ò ní rí nǹkan kan níwájú mọ́.

Kadam pè mí nígbà ìsinmi ọ̀sán. Mo ń jẹ ìrẹsì tí wọ́n yan bíi gúgúrú pẹ̀lú àlùbọ́sà nídìí tábìlì mi.

"Jẹ́ kí n bi ẹ́ léèrè kan," ló wí. "Ṣé o ti rí ọkùnrin méjì tó jọ darúgbó nínú ilé kan rí?"

"Nínú ayé?"

"Nínú ayé. Pẹ̀lú ojú ara ẹ."

"Rárá."

"Èmi náà ò rí i rí. Ìdí nìyẹn tó o fi ń pa á. O ò mọ ibi tó o fẹ́ fi í sí."

Ó rẹ́rìn-ín, mo sì mọ̀ pé ó dùn ún. Ó dun èmi náà. Nígbà tí mo délé, mo sọ ọ́ fún Ẹ̀gbọ́n Nirmal bó ṣe rí, pé mi ò lè ṣe iṣẹ́ tí mo gbà. Ó ní, "Ilé wa wà ní Chandannagar. Wá jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ Àìkú. Má mú nǹkan kan wá." Fún ọdún mẹ́sàn-án kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa pé "ilé wa" wà. "Ilé mi" la máa ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 25 oṣù Kẹjọ

Mo mú ẹja ilish lọ. Ẹgbẹ̀rún kan àti ẹgbẹ̀ta rúpì kílò kan, olè pátápátá ni ẹni tó tà á, ṣùgbọ́n èèyàn ò lè lọ kí àgbà lásìkò òjò pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo.

Ẹ̀gbọ́n Nirmal kéré ju ohùn rẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n Satyen ló ṣílẹ̀kùn, ó ga, ó ń fi ojú wò mí bí ẹni tó ń wo ẹni tó fẹ́ ta nǹkan fún un. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n ti jọ ń gbé. Ìbátan ni wọ́n pe ara wọn fún àwọn aládùúgbò. Ẹ̀gbọ́n Satyen kì í ka ìtàn wa. Ó ní òun ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ báńkì, òun ò tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ẹkún.

A jẹun. Ẹ̀gbọ́n Satyen ń yọ egungun ẹja fún Ẹ̀gbọ́n Nirmal, tójú rẹ̀ ò dáa mọ́, ó sì ń bú u bó ṣe ń yọ ọ́.

"Ìwọ lo sọ pé o fẹ́ jẹ ìrù ẹja. Ta ló ń jẹ ìrù ní ọjọ́ orí ẹ?"

"Ẹni tó ní ẹni tó ń bá a yọ egungun ni."

"Ọjọ́ kan màá fi ọ̀kan sílẹ̀ síbẹ̀."

"Ó ti ń sọ bẹ́ẹ̀ láti ọdún tá a ra fíríìjì," Ẹ̀gbọ́n Nirmal wí fún mi, inú rẹ̀ sì ń dùn.

Kí n tó lọ, mo ní kí n fọ ọwọ́, mo gba yàrá iwájú kọjá. Bẹ́ẹ̀dì kan wà níbẹ̀, aṣọ orí rẹ̀ rún, ìrọ̀rí sì tẹ̀ láàárín. Mo ní ṣé àlejò sùn lọ́dọ̀ wọn ni. Ẹ̀gbọ́n Nirmal ní rárá, kò sẹ́ni tó ń sun ibẹ̀. Láràárọ̀, kí Ìyá Laltu tó ń bá wọn ṣe iṣẹ́ ilé tó dé, Ẹ̀gbọ́n Satyen á lọ dùbúlẹ̀ síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, á yí sọ́tùn-ún, á yí sósì, á dìde. Nítorí kí obìnrin náà lè rí i pé ọkùnrin méjì ló sùn sí yàrá méjì.

Mo ń rò ó nínú rélùwéè títí mo fi dé Shrirampur, ìlú wa. Mo ti rí ibi tí màá fi ọmọ mi sí.

Ọjọ́ Àìkú, 1 oṣù Kẹsàn-án

Ojú ìwé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Wọ́n jọ darúgbó. Láàárọ̀, ọ̀kan ń dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì yàrá iwájú kó lè rún un, ìkejì ń pè é láti ilé ìdáná pé tíì ń tutù. Ibẹ̀ ni mo parí rẹ̀ sí.

Kadam kọ̀wé: "Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti kà á. Obìnrin kan fún mi ní áńkáṣíìfù. Ó ti jinná."

Ìtàn mi àkọ́kọ́ nìyí láyé tó ní òpin. Mo dúpẹ́, mo tún dúpẹ́. Mo ra wàrà dídì aládùn fún Màmá, mo purọ́ pé wọ́n yìn mí níbi iṣẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 5 oṣù Kẹsàn-án

Mo ti ṣe ohun tí kò dáa.

Mo fi ìtàn ránṣẹ́ sí Ẹ̀gbọ́n Nirmal lánàá. Mi ò rántí pé ojú rẹ̀ ò dáa, ẹlòmíì ló máa kà á sí i létí. Ẹ̀gbọ́n Satyen tí kì í ka ìtàn wa ló ń kà á sókè, ó ń lọ geere, títí tó fi já lu bẹ́ẹ̀dì ara rẹ̀ lójú ìwé kejìlélọ́gbọ̀n. Ó dá ìwé dúró níbẹ̀. Kò ka ìyókù. Ó pè mí.

"Ṣé ìwọ ni Shalik?"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n."

"Mo fún ẹ lóúnjẹ nílé mi. O jẹun tán, o wá gbé bẹ́ẹ̀dì mi lọ sójà."

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò dárúkọ—"

"Ọmọ Ìyá Laltu ní fóònù. Gbogbo Chandannagar ní fóònù. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi bo ilé yìí, ìwọ fi ọ̀sẹ̀ kan ṣí i." Ó gé fóònù.

Òótọ́ ni. Òfin tá a fọwọ́ ara wa kọ ni, pé a kì í fi ilé ẹnì kan nínú wa kọ ìtàn láìgba àyè. Mo ti fi òfin yẹn fa ìlà pupa sí iṣẹ́ àwọn ẹlòmíì láìmọye ìgbà. Ìdùnnú pé mo rí òpin ni kò jẹ́ kí n rí i nínú tèmi. Ojú tì mí débi pé mi ò lè jẹun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 oṣù Kẹsàn-án

Mo yọ bẹ́ẹ̀dì kúrò. Mo fi àga aláfẹ̀yìntì sípò rẹ̀. Kadam kà á, ó kọ̀wé pé, "Mo gba ọ̀rọ̀ mi padà. Kò jinná mọ́. Ṣùgbọ́n o ṣe dáadáa tó o yọ ọ́." Ìgbà tí èèyàn bá ní ẹni tó lè sọ méjèèjì pọ̀ báyìí, ó yẹ kó dúpẹ́. Mo dúpẹ́ pẹ̀lú ìbínú.

Ọjọ́bọ̀, 12 oṣù Kẹsàn-án

Ilé ìwòsàn ní kí Ẹ̀gbọ́n Nirmal mú èèyàn márùn-ún wá fún ẹ̀jẹ̀ kó má kọjá ọjọ́ kejìlélógún. Àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ní ọwọ́ àwọn dí. Ó ti tó ogún ọdún tí ọwọ́ wọn ti dí.

Ó kọ ọ́ sí Yàrá Òkè, kò sì sẹ́ni tó dáhùn fún bíi wákàtí kan. Kì í ṣe ahun ló ń ṣe wá. Ìbéèrè kan wà nínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń kún níbẹ̀, ẹni tó bá jẹ́ irú wa, tó sì dáhùn ní òótọ́, wọn ò ní gba tirẹ̀. Ẹni tó bá purọ́ nídìí ẹ̀jẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, irú èèyàn wo nìyẹn? Kadam ló wá kọ̀wé: "Àwa ò lè fún un. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la ní ilé. Kí kálukú lọ bẹ ẹnì kan."

Kálukú mọ ohun tí ẹni yẹn máa kọ́kọ́ béèrè.

Ọjọ́ Àìkú, 15 oṣù Kẹsàn-án

Màmá jókòó sílẹ̀ nídìí abẹ ìdáná, ó ń gé èlégédé. Mo ní ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn, wọ́n ń wá ẹ̀jẹ̀, ṣé ẹ lè bá mi lọ.

"Èmi? Ìwọ tó ò ń jẹ ìrẹsì èèyàn mẹ́ta ńkọ́? Èmi opó tó ń gbààwẹ̀ lo fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ lára ẹ̀?"

"Wọn ò ní gba tèmi, Màmá."

"Kí ló ṣe tìẹ?" Ó ti gbójú sókè. "Kí ló ṣe ẹ́, Tuku? O lọ rí dókítà, o ò sì sọ fún mi?"

"Ara mi le. Ìbéèrè ló wà nínú fọ́ọ̀mù wọn. Wọ́n ń béèrè bóyá ọkùnrin ni èèyàn ń fẹ́. Ọkùnrin ni mò ń fẹ́, Màmá."

Abẹ dúró. Mo ń gbọ́ bí omi ṣe ń kán láti ibi igun òrùlé.

"Ó ti pẹ́?"

"Láti kékeré."

"Bàbá ẹ mọ̀ kó tó kú?"

"Rárá."

"Ó dáa," ló wí, ó sì ń bá èlégédé lọ. Ó gé e wẹ́wẹ́ débi pé ó yọ́ tán nínú ọbẹ̀. A jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá "ó dáa" náà dáa.

Ọjọ́bọ̀, 19 oṣù Kẹsàn-án

Ọjọ́ mẹ́rin rèé tí Màmá ò bá mi sọ ju "oúnjẹ ti délẹ̀" lọ. Mo sọ fún Kadam pé ẹ̀rù ń bà mí pé mo ti pàdánù ìyá mi nítorí ìgò ẹ̀jẹ̀ kan. Ó ní òun ò ní gbà mí nímọ̀ràn, òun máa kàn dúró lórí ìlà. Ó dúró lóòótọ́, ó ń máàkì ìdánwò àwọn ọmọ ilé-ìwé, mo sì ń gbọ́ bí bébà ṣe ń dún.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. "Rélùwéè aago mélòó la máa wọ̀ lọ́jọ́ Àìkú?"

"Ti méje àbọ̀."

"Jẹ́ ká wọ ti méje. Ti méje àbọ̀ máa ń kún."

Mo sunkún, mi ò ní fi pamọ́ fún ìwé ara mi.

Ọjọ́ Àìkú, 22 oṣù Kẹsàn-án

Jẹ́ kí n kọ gbogbo rẹ̀ kó tó sá lọ.

Àwa mẹ́rin láti Yàrá Òkè la pàdé níbi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn. Ojú ò mọ ojú. Nígbà tí ọkùnrin tín-ín-rín kan dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni mo mọ ohùn rẹ̀. Kadam ni. Kadam mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá láti Krishnanagar. Ẹnì kan mú ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ̀, ẹnì kan mú ọkọ àbúrò rẹ̀. Àkọ̀wé ń pe orúkọ tòótọ́ sókè, a ń wo ara wa bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ìwé.

Màmá ò lójútì. Ó ti wo Kadam láti òkè dé ilẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, ta ni wọ́n ń pè ẹ́ nílé?"

Orúkọ ilé! Ohun tí èmi ò lè béèrè fún ọdún mẹ́ta. Kadam wò mí, ó wo Màmá. "Bhombol ni, Mà."

Orúkọ ọmọ rọ̀bọ̀tọ̀ ni, òun sì rèé bí ọ̀pá agbòòrùn. "Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ," Màmá wí. "Ìwọ, wọn ò wò ẹ́ rárá. Tuku, lọ ra nǹkan fún un kó jẹ." Báyìí ló ṣe mọ orúkọ ilé tèmi náà.

Ẹ̀jẹ̀ mẹ́rin la rí. Ìkarùn-ún ò dé. Ẹ̀gbọ́n Satyen jókòó síbẹ̀, fáìlì lórí itan, kò tíì bá mi sọ̀rọ̀. Ìgbà náà ni obìnrin kan wọlé pẹ̀lú bàtà rọ́bà, ó ń bú awakọ̀ tó gbé e wá. Ìyá Laltu ni. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́.

"Ta ló sọ fún ẹ?" Ẹ̀gbọ́n Satyen béèrè.

"Ilé yín ni mò ń gbálẹ̀, mi ò dití. Mo gbọ́ ti ẹ̀jẹ̀. Mo gbọ́ bẹ́ ẹ ṣe bá ọmọ kan jà lórí fóònù nítorí bẹ́ẹ̀dì náà."

Ojú Ẹ̀gbọ́n Satyen yí padà. "Bẹ́ẹ̀dì wo?"

"Èyí tẹ́ ẹ máa ń rún láràárọ̀." Ó ń ká apá aṣọ rẹ̀ sókè fún nọ́ọ̀sì. "Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń fọ aṣọ ilé yín, bàbá. Aṣọ téèyàn sùn lé máa ń rùn bí èèyàn. Tiyẹn ń rùn bíi káńfọ̀."

 Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

"Kí ló dé tó o fi ń fọ̀ ọ́ nígbà náà?" Ẹ̀gbọ́n Satyen wá béèrè, ohùn rẹ̀ sì kéré.

"Tí mi ò bá fọ̀ ọ́, ẹ máa mọ̀ pé mo mọ̀. Ẹ ò wá ní simi nínú ilé ara yín. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá lè jẹ́ kí n simi ìfọṣọ yẹn báyìí, eékún ń dùn mí."

Ẹ̀gbọ́n Satyen fi fáìlì bo ojú. Èjìká rẹ̀ ń mì, a rò pé ẹkún ni, ẹ̀rín ni, lẹ́yìn náà ó di ẹkún. Nígbà tá à ń jáde, ó dì mí lápá mú. "Dá bẹ́ẹ̀dì mi padà síbi tó wà," ló wí.

Ọjọ́bọ̀, 26 oṣù Kẹsàn-án

Ẹ̀gbọ́n Satyen ka ìtàn náà tán fún Ẹ̀gbọ́n Nirmal nínú wọ́ọ̀dù lọ́sàn-án. Mo dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú Bhombol. A gbọ́ tó dé ibi tíì tó ń tutù.  Ẹ̀gbọ́n Nirmal na ọwọ́, ìkejì dì í mú, níṣojú nọ́ọ̀sì àti aláìsàn márùn-ún.

Ọjọ́ Ẹtì, 27 oṣù Kẹsàn-án

Wọ́n gbé e wọlé ní aago mẹ́jọ. Òjò. Ìyá Laltu mú ìrẹsì wá, kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́.

Aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ó jáde. Ọkàn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Mi ò mọ ẹni tí mo dì mọ́, nígbà tí mo ṣíjú, Bhombol ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo ti sọ ọ́ fún un, ó ní òun ti kọ ọ́ sí etí ìwé mi lẹ́ẹ̀mẹta, ṣùgbọ́n òǹkàwé burúkú ni mí, mi ò rí i kà.

Ọjọ́ Ajé, 30 oṣù Kẹsàn-án

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Ẹ̀gbọ́n Nirmal bá mi sọ: "Ìparí yẹn dùn jù, kò sí ìjà níbẹ̀. Èmi ni mò ń po tíì, Satyen ò mọ tíì í pò."

"Irọ́ ńlá," Ẹ̀gbọ́n Satyen wí láti ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. "Omi gbígbóná lò ń pè ní tíì."

Nọ́ọ̀sì lé wa jáde. Mo ṣàtúnṣe, wọ́n ti ń jà nípa tíì báyìí lójú ìwé tó kẹ́yìn. Bhombol kọ "Ó ti jinná" sí i.

Ọjọ́rú, 2 oṣù Kẹwàá

Mahalaya. Rédíò gbogbo àdúgbò ń kọrin ìdájí, ojú ọ̀run mọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìwé wa jáde ní aago márùn-ún. Títí aago mẹ́fà, fóònù mi ò sinmi. Ẹnì kan láti Silchar kọ̀wé pé òun ò mọ̀ pé irú ìtàn wa lè ní ojú ìwé tó kọjá ibi ikú.

Màmá gbé tíì wá, kò sì lọ. "Ìwé yín ti jáde?"

"Ó ti jáde."

"Tìẹ wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀."

Ó fi etí aṣọ nu ọwọ́. "Ṣé ẹnì kankan kú nínú ẹ̀?"

"Rárá, Màmá. Wọ́n jọ darúgbó ni."

Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì mi.  "Láti ọjọ́ tó o ti sọ fún mi, mi ò bínú, má rò pé mo ń bínú. Mo kàn ń rò ó pé, tí mi ò bá sí mọ́, ta ló máa bi ọmọ mi pé ṣé o ti jẹun."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó gbé e sórí itan.

"Kà á fún mi," ló wí. "Rọra kà á."